Èéfín Tó Bá Wa Dé Òkukù

Ẹ̀yin ará Òkìtìpupa, ẹ gbọ́ tẹnu mi náà. Láti ìgbà tí mo ti ti ìhà Ọ̀ṣun dé ni ìtàn ti ń rìn kiri ọjà wa. Àwọn kan ní mo gbé ìyá ọkọ mi lọ bí ẹni gbé àpò gaàrí. Àwọn kan ní òórùn ẹja mi ló fẹ́ẹ́ pa wọ́n. Obìnrin kan tí kò kọjá Oǹdó rí ló tilẹ̀ dúró ní ìsọ̀ mi, tó ń júwe ọ̀nà Òkukù fún mi. Ó dáa. Èmi tí mo wakọ̀ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ báyìí, kí ẹni tó jókòó sílé pa ẹnu mọ́ díẹ̀.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Mo ń yan ẹja, èmi àti èéfín ti jọ ń gbé láti ìgbà omidan mi. Ẹ mọ ọkọ̀ mi náà, ọkọ̀ gígùn tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń ṣí sókè, tí kò sí ògiri kankan láàárín búùtù rẹ̀ àti ibi tí èrò ń jókòó sí. Ẹni tó bá wà ní ìjókòó ẹ̀yìn lè nawọ́ mú ẹja nínú búùtù, àwọn ọmọ mi sì mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa.

Ìyá ọkọ mi ni mo gbé lọ. Àwọ̀ funfun kan ti bo ojú wọn méjèèjì láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì wá ń gbé lọ́dọ̀ wa kí dókítà lè bá wọn ṣí i. Dókítà ti ṣí ti ọ̀tún. Ó ní kí wọ́n sinmi kí òun tó ṣí ti òsì. Ìyá ní àwọn ò lè sinmi ní ìlú onílùú, àwọn fẹ́ fi èyí tó ti là wo àwọn èèyàn àwọn ná. Ọkọ mi kò sí nílé, iṣẹ́ orí omi ló ń ṣe, nítorí náà èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bàbá Ìbejì, pè lórí fóònù láti Òkukù.

"Ìyàwó, mú Ìyá wá," Bàbá Ìbejì wí. "Ṣùgbọ́n bí ìrìn yẹn bá fi lè da ara wọn rú pẹ́nrẹ́n, wọn ò kúrò ní Òkukù mọ́. Ojú kan yẹn náà tó wọn."

Ojú kan tó wọn! Ẹni tó ní méjì ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá Ìbejì, àlàáfíà la ó bá yín." Ṣùgbọ́n bí mo ṣe mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́jọ́ tí a ń lọ, mo mọ̀ pé ojú òsì Ìyá ni mo mú dání.

Ìkìrun

Mi ò ní fi ọ̀nà yọ yín lẹ́nu. Ìyá na ẹsẹ̀ sórí ìjókòó ẹ̀yìn, wọ́n sì ń fi ojú tuntun wọn ka gbogbo ohun tí a bá kọjá. "Màlúù nìyẹn. Ilé alájà nìyẹn. Obìnrin yẹn wé gèlè aláwọ̀ ewé." Bí Ìyá kò bá dárúkọ nǹkan, orin ìjọ Aládùúrà wọn ni wọ́n ń kọ. Wọn ò dákẹ́ títí a fi rí òkè Ìkìrun, inú mi sì ń dùn.

Àbúrò Ìyá, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ìkìrun, ló ń dúró dè wá. Wọ́n di orí ẹ̀gbọ́n wọn mú, wọ́n yí i sí oòrùn, wọ́n ń wo ojú náà bí ẹni ń yẹ ẹyin wò.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wò mí dáadáa. Ta ni mí?"

Ìyá ní, "Arúgbó kan ni mo rí."

Gbogbo agboolé hó. Àwọn méjèèjì di mọ́ra wọn, ẹkún àti ẹ̀rín wá dàpọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa àwọn ará Ìkìrun, wọ́n mọ èèyàn kí. Wọ́n kí mi kú ewu ọ̀nà, kú ìrìn, kú àtijọ́, kú ìtọ́jú Ìyá, kú ọmọ, kú iṣẹ́ ẹja, débi pé orúnkún tí mo fi kúnlẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bẹ̀ wọ́n. Ẹnu Ìkálẹ̀ mi ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọn á ní kí n tún un sọ. Kì í ṣe pé wọn ò gbọ́, ó kàn ń dùn létí wọn ni. Iyán wọn kò ní kókó kan ṣoṣo. Nígbà tí mo jẹ ẹ́ tán ni wọ́n bi mí pé kí ni a ń jẹ nílé wa. Mo ní púpurú. Mo ṣàlàyé bí a ṣe ń rẹ ẹ̀gẹ́, tí a ń mọ ọ́n róbótó, tí a sì ń fi èéfín gbẹ ẹ́. Ìyá Ìkìrun wo páálí ẹja yíyan tí mo gbé wá fún wọn, wọ́n tún wò mí.

"Àṣé kò sí nǹkan tí ẹ kì í fi èéfín gbẹ ní ìlú yín?"

"Èéfín dáa, Ìyá," mo dáhùn. "Ọwọ́ ẹni tó bá wà ló ṣe pàtàkì."

Ọjọ́ tí a ń lọ ni mo rí ohun tí wọ́n ń pè ní ẹ̀bùn. Kí àlejò fi ọwọ́ òfo kúrò nílé, ìtìjú ìdílé ni. Iṣu kọ́kọ́ dé. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tẹ̀lé e, kẹ́ẹ̀gì epo pupa tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Ìkìrun ní kí wọ́n gbé odó jáde. Odó tuntun ni, ó ga kọjá orúnkún mi, ikùn rẹ̀ sì tóbi.

"Ìyàwó, ìwọ ni mo ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ fún. Kí o máa gún iyán fún ẹ̀gbọ́n mi lọ́hùn-ún. Kí ẹ yéé fi èéfín bọ́ wọn."

Ìyàwó wo ló ń dá ẹ̀bùn padà lójú gbogbo agboolé? Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Ìyá ní láti na ẹsẹ̀ lẹ́yìn, nítorí náà inú búùtù ni odó lọ, ilẹ̀kùn búùtù kò sì lè dé mọ́. Àwọn ọkùnrin ilé fi rọ́bà tí wọ́n gé lára tíúbù táyà dè é mọ́lẹ̀. Ó là sílẹ̀ bí ẹnu ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú omi. Kò jọ ẹnikẹ́ni lójú. Lójú ọ̀nà yẹn, ọkọ̀ tí búùtù rẹ̀ bá dé pa, èrò inú rẹ̀ kò lẹ́bí ni.

Ọ̀nà Ìnísà

Ìkìrun sí Ìnísà kò jìn, kòtò ló sọ ọ́ di jíjìn. A ń rọra fà á. Ìyá kọrin díẹ̀, wọ́n dárúkọ ewúrẹ́ kan, wọ́n sì dákẹ́. Mo rò pé oorun ni.

"Àbẹ̀kẹ́," Ìyá pe oríkì mi nígbà tó yá. Ohùn wọn ti wálẹ̀. "Ẹja rẹ yìí ti ń bàjẹ́."

Mo fa imú. Kì í ṣe ẹja. Òórùn bẹntiróòlù jíjó ni. Mo ṣí gbogbo wíńdò sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ gbé e lọ, ńṣe ló tún pọ̀ sí i. Orí tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí fọ́. Nígbà tí a dé Ìnísà, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, mo ṣílẹ̀kùn fún Ìyá. Ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn. Wọ́n dì mí mú lápá, wọ́n bì.

Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń sáré sí àlejò bíi ti Ìnísà. Mi ò tíì kígbe tí àpótí ìjókòó fi dé, tí omi tútù fi dé, tí obìnrin alátà kan fi ya páálí tó ń fi í fẹ́ Ìyá. Ṣùgbọ́n bí omi ṣe pọ̀ lọ́wọ́ wọn ni ìmọ̀ràn pọ̀ lẹ́nu wọn. Ẹnìkan ní oòrùn ni. Ẹnìkan ní ọjọ́ orí ni. Ẹnìkan ní kí n gbé wọn gba ilé àdúrà kọjá, pé ó ní ojú tó ń wò wọ́n. Obìnrin alátà náà ki orí bọ inú ọkọ̀ mi, ó fa imú, ó ní, "Mọ́mì, ta ni ò ní bì níbi tí ẹja yìí wà?"

"Ẹja mi kọ́," mo ní. "Ọkọ̀ yìí ló ń gba èéfín wọlé."

Gbogbo wọn wò mí bí ẹni pé ara tèmi náà kò yá. Èmi náà sì wò wọ́n padà. Nígbà tí Ìyá fi mu omi tán, ojú wọn ti ń padà bọ̀ sípò, wọ́n sì ti ń bi alátà léèrè orúkọ ìyá rẹ̀. Alátà ní bó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni lóòótọ́, kí n lọ bá Múfú mẹkáníìkì, kò jìnnà.

Lábẹ́ igi Múfú

Múfú mọṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bà á jẹ́ lójú mi. Ìwà rẹ̀ sì dára ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó gbé Ìyá jókòó síbòòji. Èkejì ni pé òun àti ẹnìkejì rẹ̀ nídìí iṣẹ́ náà kó gbogbo ẹrù búùtù sílẹ̀, odó, iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, gbogbo rẹ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká sọ ẹrù kalẹ̀ ná," ó ní. "Kí ọkọ̀ náà mí díẹ̀."

Ó ti búùtù pa, ó gbé ọkọ̀ sórí jáàkì, ó rọ́ wọ abẹ́ rẹ̀. Ó ń ṣàlàyé bó ṣe ń ṣe é. Èéfín tí ẹ́ńjìnì bá tu jáde, inú páìpù ló ń gbà lọ sẹ́yìn, títí yóò fi gba ẹnu sàléńsà jáde. Bí páìpù náà bá jò níbì kan lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, èéfín lè wá ihò gbà wọnú ọkọ̀. Ó fi omi ọṣẹ pa gbogbo oríkèé páìpù, kò sí ibi tó hó. Ó ki àkísà tútù bọ ẹnu sàléńsà, ó ní kí n tan ọkọ̀, ó tẹ́tí sílẹ̀.

"Bó bá jò, a ó gbọ́ tí á máa súfèé," ó ní.

Kò súfèé. Ẹ́ńjìnì kàn wúkọ́, ó fẹ́ kú. Múfú yọ àkísà.

"Sàléńsà yín pé, Màmá. Kò sí ojú ibì kan tó jò."

Ó ní kí n jókòó síbi tí Ìyá jókòó sí, ó wakọ̀ gbé mi yí Ìnísà ká. Kò sí òórùn kankan. Afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ mọ́ bíi ti òwúrọ̀. Mo fa imú títí imú fi fẹ́ẹ́ ro mí.

"Ẹ má bínú sí mi o, Màmá," Múfú sọ nígbà tí a padà dé abẹ́ igi. "Ó jọ pé ẹja yín ni."

Ìgbà yẹn ni inú bí mi gan-an.

"Múfú, gbọ́ mi dáadáa. Èéfín ló rán àwọn ọmọ mi nílé ìwé. Èéfín igi máa ń ta ojú kó tó dé imú. Èyí tó wà nínú ọkọ̀ mi kò ta ojú ẹnikẹ́ni, inú orí ló ń lọ tààrà. Má di ẹrù eléèéfín ru ẹja mi."

Ó rẹ́rìn-ín, ó tẹríba. "Wọláì, mo gbà pé ẹ gbọ́ òórùn nǹkan. Àmọ́ mo wá a, mi ò rí i. Mi ò lè purọ́ fún yín."

Òótọ́ ló sọ, mo sì bọ̀wọ̀ fún un. Mẹkáníìkì mìíràn ì bá jó ohun tí kò jò fún mi. Òun àti ẹnìkejì rẹ̀ kó ẹrù padà. Nítorí pé àlejò kì í fi ọwọ́ òfo kúrò ní Ìnísà náà, Múfú lọ gé odidi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbé e lé orí odó, ó sì fa rọ́bà le. Búùtù wá là ju bó ṣe là tẹ́lẹ̀ lọ.

Òkukù

Ohun tí Ìyá ti ń sọ fún mi láti Òkìtìpupa ni pé àwọn yóò fi ẹsẹ̀ ara àwọn sọ̀kalẹ̀ ní Òkukù, àwọn yóò sì máa dárúkọ èèyàn kọ̀ọ̀kan kí onítọ̀hún tó lanu kí àwọn. Wọ́n ti to orúkọ wọn sílẹ̀ lórí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ohùn nìkan mọ àwọn ọmọ ilé wọn.

Láàárín Ìnísà àti Òkukù, òórùn náà tún padà, mo sì ń sáré kí a lè tètè dé. Àwọn ará ilé ti jáde síta nígbà tí a dé, wọ́n ń kọrin, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Mo ṣí ilẹ̀kùn fún Ìyá. Ìyá kò dìde. Ètè wọn gbẹ, ojú wọn méjèèjì dé, èyí tí wọ́n ti ṣí àti èyí tí wọn ò tíì ṣí. Bàbá Ìbejì ló gbé wọn jáde bí ọmọ ọwọ́. Orin di igbe. Mo fẹ́ tẹ̀lé wọn, ilẹ̀ ń yí mi, mo di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú. Kò sí ẹni tó wo ọ̀dọ̀ mi, kò sì yẹ kí wọ́n wò mí.

Wọ́n tẹ́ Ìyá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn. Mo jókòó síbi ẹsẹ̀ wọn, mo ń bẹ Ọlọ́run, mi ò sì mọ ohun tí mò ń sọ. Nígbà tí oòrùn rọ̀, wọ́n lajú. Wọ́n béèrè ẹ̀kọ gbígbóná. Nígbà tí wọ́n mu ún tán, wọ́n dìde jókòó. Bàbá Ìbejì sì pè mí sójú gbogbo ilé.

"Ṣé ẹ rí i? Afẹ́fẹ́ ilé ló wò wọ́n sàn. Ìyàwó, mo ti sọ ọ́ fún ẹ ṣáájú. Ìyá ò lọ mọ́."

"Ẹja ni wọ́n ń rọ́ fún wọn lọ́hùn-ún," ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé fi kún un.

Ẹ mọ ipò ìyàwó nílé ọkọ. Ọmọ tí wọ́n bí lánàá, ọkọ mi ni. Mo kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kò kúnlẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, Ìyá ò ṣàìsàn. Èéfín ni wọ́n mu nínú ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ Òkukù dáa, mi ò jiyàn. Àmọ́ Ìnísà ti kọ́kọ́ wò wọ́n sàn lónìí, lábẹ́ igi mẹkáníìkì. Ibi tí wọ́n bá ti sọ̀kalẹ̀ ni ara wọn ń dá. Kí ló dé tí gbogbo yín ń bi ara Ìyá léèrè, tí ẹnikẹ́ni ò bi ọkọ̀?"

"Ṣé mẹkáníìkì ò wò ó ni?"

"Ó wò ó, kò rí i. Èmi máa rí i. Bí mi ò bá rí i, ẹ mú Ìyá sọ́dọ̀. Bí mo bá rí i, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó fi ọwọ́ gbé wọn sínú ọkọ̀ padà, kí wọ́n lọ ṣí ojú òsì wọn."

Ariwo sọ. Àwọn kan ní ẹnu mi gún jù. Bàbá Ìbejì gbé ọwọ́ sókè, wọ́n ní ó dáa, títí a ó fi ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́jọ́ Àìkú. Ìyá nawọ́, wọ́n di ìka mi mú.

Aṣọ àdúrà

Òótọ́ ni pé mi ò mọ ibi tí mo máa gbà. Mo yọ́ wọ abẹ́ ọkọ̀ náà fúnra mi, mo fi ọwọ́ pa páìpù, mo ṣe omi ọṣẹ bíi ti Múfú. Kò jò. Wọ́n ń gbé ọ̀jọ̀jọ̀ gbígbóná wá fún mi, wọ́n sì ń gbé àánú pẹ̀lú rẹ̀. Mo jẹ ọ̀jọ̀jọ̀, ó dùn. Mo fi àánú sílẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú ni Ìyá béèrè aṣọ àdúrà wọn, èyí funfun tí mo fi kọ́ sínú ọkọ̀ láti Òkìtìpupa, lẹ́yìn ìjókòó wọn, kó má baà rún. Mo mú un wọlé. Ìhà tó kọjú sí wa funfun báláú. Ìhà tó kọjú sí búùtù ti di bí eérú. Mo gbé e sí imú. Kò sí ẹja níbẹ̀. Bẹntiróòlù ni.

Mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ náà lórí ẹsẹ̀. Ẹ̀yìn ni èéfín ti wá, kì í ṣe ìsàlẹ̀. Mo rántí ilé ẹja mi. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́, tí mo ṣí fèrèsé, tí mo sì gbàgbé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ní yíya, èéfín tó ti jáde tán á tún fa ara rẹ̀ gba ẹ̀yìn wọlé. Mo wá ro gbogbo ìrìn wa. Láti Òkìtìpupa dé Ìkìrun, búùtù dé pa, Ìyá ń kọrin. Láti Ìkìrun dé Ìnísà, búùtù là, Ìyá bì. Múfú sọ ẹrù kalẹ̀, ó ti búùtù pa, kò sí òórùn. Ó kó ẹrù padà, ó là á sílẹ̀, Ìyá dákú. Áà! Àìsàn gan-an ni Múfú kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ síbòòji kó tó bẹ̀rẹ̀ sí wá a.

"Kí lo ń rẹ́rìn-ín sí?" Ìyá bi mí.

"Odó ni, Màámi," mo ní. "Odó àbúrò yín ni."

Lẹ́yìn ìsìn, mo bẹ Bàbá Ìbejì kí wọ́n wá jókòó síbi tí Ìyá jókòó sí nínú ọkọ̀.

"Èmi?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ ní kò sí nǹkan níbẹ̀."

Mo ní kí wọ́n gbé odó sínú búùtù, mo fi rọ́bà dè é bó ṣe wà lọ́jọ́ tí a dé, mo ṣí gbogbo wíńdò. Mo ya aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan lára ìborùn mi, mo so ó mọ́ etí ilẹ̀kùn búùtù níbi tó là sílẹ̀.

"Bí ọkọ̀ bá ń lọ, ibo ni aṣọ yìí máa fẹ́ sí?" mo bi gbogbo àwọn tó dúró.

"Ẹ̀yìn ni o!" gbogbo wọn dáhùn. Ìbéèrè ọmọdé ni mo bi wọ́n lójú tiwọn.

Mo kọrí sí ọ̀nà Ìnísà. Kò pẹ́ tí Bàbá Ìbejì sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi. "Ìyàwó, wo aṣọ yìí o." Mo wo dígí. Aṣọ náà kò fẹ́ sẹ́yìn. Inú ọkọ̀ ló nà wọ̀, gbọọrọ, ó ń lu Bàbá Ìbejì léjìká. Atẹ́gùn ń fà á wọlé, ó sì ń fa èéfín tí sàléńsà ń tu lábẹ́ rẹ̀ wọlé pẹ̀lú. Bàbá Ìbejì fi ọwọ́ bo imú. Wọ́n wúkọ́. Wọ́n tún wúkọ́.

"Dúró! Àbẹ̀kẹ́, mo ní dúró!"

Wọn ò pe oríkì mi rí. Mo dúró lójú ẹsẹ̀. Àwa méjèèjì gbé odó jáde nínú búùtù, mo gbé e jókòó sórí ìjókòó ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Ìbejì. Mo ti búùtù pa, mo wakọ̀ padà. Bàbá Ìbejì àti odó jókòó jẹ́ẹ́ títí a fi délé, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò wúkọ́.

Gbogbo ilé ń dúró. Bàbá Ìbejì sọ̀kalẹ̀, wọ́n tún fìlà wọn ṣe.

"Kì í ṣe ara Ìyá," wọ́n ní. "Búùtù ni." Wọ́n wò mí, wọ́n tún wo ilẹ̀. "Ìyàwó, ọjọ́ wo lẹ fẹ́ máa lọ?"

Ìpadàbọ̀

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ tán níbẹ̀. Ọjọ́ tí a ń lọ, bí mo ṣe jáde ni mo bá iṣu lẹ́yìn ọkọ̀, òkìtì iṣu, àti àpò èlùbọ́ lórí rẹ̀. Àwọn ìyàwó ilé ti ń tú rọ́bà. Mo fi ẹ̀yìn ti búùtù, mo na ọwọ́ méjèèjì.

"Ó ń dá iṣu ọkọ padà!" ọ̀kan nínú wọn kígbe.

"Èmi gba gbogbo rẹ̀," mo ní. "Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Ọkọ̀ mi ni kò gbà á. Ẹ fi ránṣẹ́ nínú bọ́ọ̀sì, á bá wa nílé. Bó bá wù yín, ẹ ní mo gbéraga, ẹ ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́. Búùtù yìí ò ní là lẹ́yìn Ìyá mọ́."

Ìyá ló dá sí i. Wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wá, wọ́n mú iṣu kan, wọ́n lọ jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo máa jókòó sí, wọ́n gbé iṣu náà lé itan. "Èyí ò gba búùtù," wọ́n ní. Bàbá Ìbejì ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, wọ́n lọ sẹ́yìn, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ti búùtù pa. Odó ti gba ìjókòó ẹ̀yìn, mo fi bẹ́líìtì dè é.

Ní Ìnísà, Múfú rí wa, ó sáré wá. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ síbi búùtù láti sọ ẹrù kalẹ̀ fún wa. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láti ojú wíńdò. Ó gbá iwájú orí mú.

"Wọláì! Ẹrù yẹn ni ǹ bá fi sílẹ̀ níbẹ̀!"

"Ìwà rere rẹ ló bojú ẹ," mo ní. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ gé ọ̀gẹ̀dẹ̀ mìíràn. Ẹsẹ̀ odó ni mo gbé e sí.

Dókítà ti ṣí ojú òsì Ìyá. Ọjọ́ tí wọ́n tú aṣọ kúrò lójú wọn, wọ́n jókòó síwájú ilé wa, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀. "Ewúrẹ́ nìyẹn. Ààrò ẹja nìyẹn. Àbẹ̀kẹ́ nìyẹn, ó ti ń hewú." Mo fi ìborùn tí mo ya ní Òkukù nu ojú. Ìyá kò wo ẹkún mi. Ọkọ̀ lábẹ́ igi ni wọ́n ń wò.

"Búùtù yẹn, ṣé ó dé?"

"Ó dé, Màámi."

Wọ́n dìde, wọ́n rìn dé ibẹ̀ láìdi ẹnikẹ́ni mú, wọ́n sì fi ọwọ́ méjèèjì tì í wò.